Ológò, Òṣómàáló àti Orúkọ Onígbèsè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Láyé owó ẹyọ ni òwe yìí ti wá. Ẹgbàafà jẹ́ 12,000 owó ẹyọ. Ẹgbẹ̀fà kò ju 1,200 lọ. Ẹni tó kọ̀ láti san gbèsè ńlá, kékeré pàápàá kò ní í rí yá mọ́. Kí ilé ìfowópamọ́ kankan tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn àgbà ti mọ̀ pé orúkọ ẹni ni ohun ìdúró àkọ́kọ́ tí a fi ń yáwó. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń gba gbèsè tó ti pẹ́ lọ́rùn onígbèsè? Ta ni ó sì ń jìyà rẹ̀?

Ọ̀nà kan ni ìwọ̀fà. Ẹni tí ìnáwó ká mọ́, ìbáà ṣe ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó tàbí ti ìtanràn, yóò tọ olówó lọ. Onígbọ̀wọ́ yóò dúró láàárín wọn, àwọn ẹlẹ́rìí yóò sì wà níbẹ̀. Yóò fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí ìlú ni, olówó kò sì gbọdọ̀ tà á. Síbẹ̀, ìnira kan wà nínú ètò náà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó, èlé orí owó lásán ni. Kò dín ẹyọ kan kù nínú owó gan-an. Ì báà ṣe ọdún kan, ì báà ṣe ogún ọdún, odindi owó tí a yá ni a gbọ́dọ̀ kó kalẹ̀ kí ó tó lè padà sílé. Báyìí ni ọmọ ṣe lè dàgbà lóko olóko nítorí owó tí òun kò mọ ìgbà tí a ná an.

Bí onígbèsè bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, olówó lè gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú láti dógò tì í. Samuel Johnson ṣàlàyé nípa ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ènìyàn líle tí ojú kì í tì ni a máa ń rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yóò wọ agbo ilé onígbèsè, yóò fìdí kalẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bú tàgbà tèwe, yóò sì ní kí wọ́n bọ́ òun. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ẹran ọ̀sìn inú ilé kò ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí ni ọgbọ́n ètò náà wà: kì í ṣe onígbèsè nìkan ni ológò ń yọ lẹ́nu, bí kò ṣe gbogbo ilé, kí àwọn ará ilé lè dìde sí ẹni tó fa ológò wọlé. Ẹ̀mú tún le ju èyí lọ. Bí onígbèsè bá jẹ́ ará ìlú mìíràn, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ará ìlú rẹ̀ tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè mú un san.

Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 àti ìtúká àwọn ọmọ ogun Kírìjì ní 1893, ọ̀nà là fún òwò. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ru aṣọ lọ sí ìlú àti abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, oníbàárà sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá pé tí owó kò yọjú, aláṣọ yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò ní òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gbowó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá. Ojú àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ni agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣómàáló yàtọ̀ sí ológò ní ọ̀nà kan: ó ṣì fẹ́ tajà fún oníbàárà náà lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá bá a sọ òótọ́, tó sì ń dá owó díẹ̀díẹ̀, kò bẹ́gi dínà ara rẹ̀.

Nígbà ìjọba amúnisìn, òfin ká ológò àti ẹ̀mú lọ́wọ́ kò, ìwọ̀fà náà sì di èèwọ̀. Kóòtù gba ipò wọn. Ṣé ohun tó bí wọn wá parẹ́ bí? Rárá o. Ní ọdún 2017, Nàìjíríà ṣe òfin lórí àkọsílẹ̀ gbèsè, kí ayánilówó kan lè mọ bí ènìyàn ṣe san ti ẹlòmíràn. Òwe ẹgbàafà di òfin. Láti ọdún 2020, ètò kan tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ń jẹ́ kí báńkì tó yáni lówó gba owó náà nínú àpò tí onígbèsè ní sí báńkì mìíràn. Àwọn kan nínú àwọn ayánilówó orí fóònù tilẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí onígbèsè, títí àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà fi gbé ìlànà jáde ní 2022 láti dá wọn lẹ́kun. Ológò tún ti wọlé. Ẹnu fóònù ló gbà wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

Kí ni ìtàn yìí ń kọ́ni? Láti ayé ìwọ̀fà títí di òní, gbèsè tó pẹ́ kì í jókòó sórí ẹni tó jẹ ẹ́ nìkan. Ọmọ, ará ilé, ará ìlú, ọ̀rẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù, gbogbo wọn ni ó ń kàn. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n onígbèsè kì í fi í dúró de ológò. Yóò mú onígbọ̀wọ́ lẹ́yìn, yóò tọ olówó lọ fúnra rẹ̀, yóò ka iye tó jẹ, yóò dárúkọ iye tí agbára rẹ̀ ká àti ọjọ́ tí yóò san án. Ní ọjọ́ tó bá san èyí tó kẹ́yìn, yóò san án lójú ẹlẹ́rìí. Lóde òní, ìwé àdéhùn àti ìwé ẹ̀rí owó sísan ni ẹlẹ́rìí wa, kí ayánilówó lè tún àkọsílẹ̀ ṣe pé a ti san án. Ẹni tó bá gbé igi kúrò lọ́nà báyìí, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló la ọ̀nà fún.