Ẹsẹ̀ Ta Ni A Fi Wọn Ilé?

Ní Ọ̀rà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn baba wa a máa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ilé, bí a ti fi ìgbọ̀nwọ́ wọn Tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì, 60 ní gígùn, 20 ní ìbú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn kò dọ́gba. Bí ẹsẹ̀ ọ̀mọ̀lé bá jẹ́ ínṣì 10 dípò 12, yàrá tí a pè ní ẹsẹ̀ 12 ní gígùn, 10 ní ìbú, tí ìgbòòrò rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ 120, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 83 lọ: ó kù díẹ̀ kí ìdá kan nínú mẹ́ta sọnù. Ẹsẹ̀ bàtà àwọn orílẹ̀-èdè pàápàá kò dọ́gba títí di 1959, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn fi ohùn ṣọ̀kan pé ó jẹ́ mítà 0.3048. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè: ẹsẹ̀ ta ni?