Èkó sí Bàhíà, Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù

Bí a bá bi ará Èkó léèrè pé èwo ló jìnnà jù nínú Lọ́ńdọ̀nù àti Bàhíà, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ní Bàhíà ni. Bí a bá fa okùn tààrà láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Múrítàlá Mùhámmẹ̀d ní Ìkẹjà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, okùn náà yóò tó nǹkan bí kìlómítà 5,000. Bí a bá fa òmíràn láti Ìkẹjà dé pápá ọkọ̀ òfuurufú Salvador, olú-ìlú Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, díẹ̀ ni yóò fi lé sí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò tó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Síbẹ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ fi ń fò dé Lọ́ńdọ̀nù láìbà níbì kankan. Ẹni tó ń lọ sí Bàhíà kò rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ tààrà. Bí ó bá gba Lisbon kọjá, ọ̀nà rẹ̀ yóò lé ní kìlómítà 10,000, a kò sì tíì ka wákàtí tí yóò fi jókòó de ọkọ̀ kejì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ onígbòkun ń rìn tààrà láàárín Bàhíà àti Èkó, a máa lo nǹkan bí oṣù kan lójú òkun, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwò ẹrú ló la ọ̀nà náà, a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Tábà Bàhíà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ènìyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ṣe ní Salvador ní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé lára àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira jáde, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀. Àwọn ni Àgùdà tó tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Ọkọ̀ tó ń padà lọ a máa kó aṣọ híhun, ọṣẹ dúdú, obì àti epo pupa fún àwọn tó ṣẹ́kù lọ́hùn-ún. Salvador ni wọ́n bí Martiniano Eliseu do Bonfim sí. Ó bá baba rẹ̀ wá sí Èkó ní 1875, ó gbé ibẹ̀ fún bí ọdún mọ́kànlá, ó padà sílé, ó sì di babaláwo tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Òwò àti àṣẹ ló yí ojú ọ̀nà padà. Ní 1852, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì Macgregor Laird bẹ̀rẹ̀ sí kó lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun wa. Ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Epo wa ń lọ sí Liverpool, ọkọ̀ Bàhíà sì ń dín kù. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Imperial Airways gba Khartoum àti Kánò dé Èkó ní 1936, ibi tí àṣẹ wà náà ni òun pẹ̀lú so wá mọ́. Lónìí, ìdílé Àgùdà mélòó ló ṣì mọ orúkọ ìbátan rẹ̀ kan ṣoṣo ní Bàhíà?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Nàìjíríà àti Bràsíìlì fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìrìnàjò òfuurufú. São Paulo ni wọ́n ń dárúkọ. Láti ibẹ̀, ẹni tó ń lọ sí Salvador yóò tún fò padà sí ìhà àríwá fún ohun tó lé ní kìlómítà 1,400.