Ọwọ́ Yorùbá Nínú Orin Ìlú Ọba

Àwọn olólùfẹ́ orin Ìlú Ọba kì í fi ìyangàn wọn pamọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Beatles, wọ́n á mẹ́nu ba Rolling Stones, wọ́n á ki David Bowie, kí wọ́n tó wá kan Sade àti Skepta. Yorùbá ni bàbá àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí, wọn kò sì ṣàdédé yọ. Ó ti tó ọgọ́rin ọdún báyìí tí ọwọ́ ọmọ Yorùbá ti wà lórí ìkòkò orin náà, ojú agbo, níbi tí olórin àti èrò ti ń fojú kojú, ni iṣẹ́ wọn sì ti hàn jù.

Ní Etikan, ojú agbo náà ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó gbọ́ orin. Etikan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ ọba tó wà ní Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pẹ̀lú Ugbò, Màhìn àti Aheri, Oníkan sì ni orúkọ oyè ọba wọn. Etí òkun ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ní ọ̀pọ̀ abúlé etí omi agbègbè náà, bí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà tàbí ìwúyè, inú ọkọ̀ ojú omi ni báńdì ń kó gìtá, ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀ sí, wọ́n á fi tapólì bò ó kí omi má bàa bà á jẹ́. Bí epo bá tán lóru, tí iná sì kú, ìgbà náà ni wọ́n ń mọ ògbólógbòó olórin: ẹni tí kò bá lè fi ẹnu lásán àti ìlù gbé agbo ró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Bírípo tí Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ń jó kò tilẹ̀ dúró de rẹ́kọ́ọ̀dù kí ó tó gbilẹ̀. Ẹni tó bá fi irú òṣùwọ̀n yìí wo orin Ìlú Ọba yóò rí i pé ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí àwọn tó ń ka iye rẹ́kọ́ọ̀dù tó tà máa ń sọ.

Ọ̀dọ̀ Ọládípúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n mọ̀ sí Ambrose Campbell. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1919. Iṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Ìlú Ọba nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọjọ́ 8, oṣù karùn-ún, 1945, tí ogun parí ní Yúróòpù, tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tú síta, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé gìtá àti ìlù, wọ́n sì ń ṣeré lọ láàárín èrò ní Piccadilly Circus. Kò sí pèpéle, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn òyìnbó tó ń jó tẹ̀ lé wọn kò mọ orin náà rí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n.

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi di West African Rhythm Brothers. Ní 1946, àwọn ló ń lùlù fún Les Ballets Nègres, ẹgbẹ́ oníjó aláwọ̀ dúdú tí Berto Pasuka dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ilé ijó Abalabi ní òpópónà Berwick, ní Soho, tí wọ́n sọ ọ́ di ibùdó. Àwọn eléré jáàsì òyìnbó máa ń yà síbẹ̀ lóru láti wá gbọ́ bí ìlù ṣe ń dá gìtá lóhùn. Òǹkọ̀wé Colin MacInnes náà ń lọ síbẹ̀, irú ayé alẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sì kọ sínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, City of Spades, ní 1957. Ilé iṣẹ́ Melodisc ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù Campbell jáde, àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà ń dé Èkó, àwọn ọmọ ilé sì ń gbọ́ jùjú àti háílàìfù tí wọ́n ṣe ní ìdálẹ̀. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé Campbell ni bàbá orin ìgbàlódé Nàìjíríà. Ẹnu Fẹlá kì í yá láti yin ẹlòmíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ó dunni pé orúkọ ọkùnrin yìí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ọ̀dọ́ mọ́. Ó kú ní Plymouth ní 2006.

Ní 1958 ni Fẹlá dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣègùn ni wọ́n rò pé ó ń lọ kọ́, Trinity College of Music ló wọ̀. Ibẹ̀ ni báńdì rẹ̀, Koola Lobitos, ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1971 ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ Fẹlá àti Ìlú Ọba. Gbogbo ayé mọ Abbey Road mọ́ Beatles, tí wọ́n ń kọrin níbẹ̀, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dán. Fẹlá àti báńdì rẹ̀, Africa '70, wọ ilé kan náà, ohun tí wọ́n sì ṣe ni pé wọ́n pe èrò wọlé. Tony Allen wà nídìí ìlù. Ginger Baker, onílù Cream tí òyìnbó ń pè ní àgbà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orin mẹ́rin péré ló kún inú rẹ́kọ́ọ̀dù náà, Live!, nítorí pé orin kan kò ṣetán láti parí bí èrò kò bá tíì jó tẹ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá fi kún orin Ìlú Ọba, kí ó gbọ́ èyí kí ó tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn. Ìlù Allen níbẹ̀ dà bí ẹni mẹ́rin tó ń lù ú: ọwọ́ ọ̀tún ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ òsì ń dá a lóhùn, ẹsẹ̀ méjèèjì kò sì bá wọn rìn ọ̀nà kan náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó kọlu ẹnì kejì.

Baker kò fi mọ síbẹ̀. Ní 1971 kan náà, ó fi mọ́tò Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà, ó sì dá sítúdíò kan tí wọ́n ń pè ní ARC sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Nígbà tó di 1973, Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings wá sí Èkó láti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Band on the Run ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Ìtàn ìrìn àjò yẹn kún fún wàhálà: àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì kó téèpù orin tí kò tíì parí lọ. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé orin Áfíríkà ló wá jí. McCartney ní láti gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀ fún un gbọ́ kí inú rẹ̀ tó rọ̀. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ọ̀bẹ àti téèpù. Èyí tó wúwo jù ni pé McCartney lọ wo Fẹlá níbi tó ti ń ṣeré ní Shrine, ilé ijó rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé omijé bọ́ lójú òun nígbà tí báńdì náà gbéra. Ọmọ Beatles ni, ó sì ti rí èrò tó ń ké ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ọmọ Oǹdó ni King Sunny Adé, ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Etikan, òun sì ni orúkọ tó dé Ìlú Ọba tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí Bob Marley kú ní 1981, ilé iṣẹ́ Island tí Chris Blackwell dá sílẹ̀ ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Wọ́n mú Sunny Adé, wọ́n gbé Juju Music jáde ní 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984. Nígbà tó ṣeré ní Lyceum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1983, àwọn oníròyìn orin yìn ín tẹnu tẹnu: gángan tó ń sọ̀rọ̀, gìtá onírin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fà bí ẹkún, àti ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó ń yọ́ jó láàárín wọn. Ṣùgbọ́n orin jùjú tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé kúkúrú kó lè wọ rẹ́kọ́ọ̀dù òyìnbó kì í ṣe jùjú tó ń kígbe orúkọ olówó títí ìdájí. Nígbà tó yá, Island jáwọ́. Sunny Adé padà sílé, agbo rẹ̀ sì tún kún bí ti tẹ́lẹ̀.

Fóláṣadé Adú, tí ayé mọ̀ sí Sade, gba ọ̀nà mìíràn. Ìbàdàn ni wọ́n bí i ní 1959, bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Essex. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gbé Diamond Life jáde ní 1984. Ní ọjọ́ 13, oṣù keje, 1985, Sade dúró ní pápá Wembley níbi eré Live Aid. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Awuyewuye máa ń wà láàárín olólùfẹ́ orin bóyá kí Yorùbá kà á mọ́ tiwọn, nítorí kò sí gángan nínú orin rẹ̀, kò sì fi Yorùbá kọ ọ́. Awuyewuye náà kò nídìí: ẹni tó ń jẹ́ Fóláṣadé kò nílò gángan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Seal, tí orúkọ rẹ̀ ní Olúṣẹ́gun àti Olúmìdé nínú, tí orin rẹ̀ Kiss from a Rose sì gba Grammy ní 1996.

Fẹlá tún padà sí Ìlú Ọba ní 1984, èyí tó sì ṣe níbẹ̀ lọ́dún náà ni pé ó gbé báńdì rẹ̀, Egypt 80, lọ sí Glastonbury, pápá oko tí àwọn òyìnbó ti máa ń pàgọ́ sínú ẹrẹ̀ láti gbọ́ orin. BBC ya fíìmù eré náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ìjọba ológun mú un ní pápákọ̀ òfurufú ní Èkó, ó sì lọ sẹ́wọ̀n.

Àwọn ọmọ tí Yorùbá bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Orí òrùlé ilé gíga ni redio aládàáni wọn wà, grime sì ni orin wọn. Joseph Júníọ̀ Adénúgà, Skepta, ọmọ Tottenham, gba àmì ẹ̀yẹ Mercury Prize ní 2016 pẹ̀lú Konnichiwa, nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ìkẹyìn David Bowie wà lára àwọn tó ń bá a díje. Ní 2018, wọ́n fi jẹ Amúlùúdùn ní Odò-Àjẹ́, ìlú àwọn òbí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Simbiatu Ajikáwó, Little Simz, gba Mercury Prize tirẹ̀ ní 2022.

Láàárín ìgbà yìí ni àwọn tó ń ti ilé lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kún gbọ̀ngàn fúnra wọn. Wizkid, ọmọ Ojúẹlẹ́gba, ṣeré ní Royal Albert Hall ní 2017, ó wọ O2 Arena ní 2018, ó tún kún un fún alẹ́ mẹ́ta ní 2021, nígbà tó sì di oṣù keje 2023, pápá Tottenham ló gbà. Davido ti wọ O2 ní 2019. Burna Boy, ọmọ Rivers, ló kọ́kọ́ gba pápá ìṣeré, London Stadium, ní oṣù kẹfà 2023. Àwọn olólùfẹ́ Wizkid kì í fẹ́ gbọ́ nǹkan bí oṣù méjì yẹn rárá.

Ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú ìtàn yìí. Ní oṣù kejìlá 2022, Ásákẹ́, ọmọ Èkó tí Ọlámìdé láti Bàrígà gbé jáde, ń ṣeré ní O2 Academy ní Brixton. Èrò tí kò rí ọ̀nà wọlé rọ́ lu ẹnu ọ̀nà, ẹni méjì sì kú. Wọ́n ti gbọ̀ngàn náà pa títí di 2024. Ásákẹ́ ṣeré ní O2 Arena ní oṣù kẹjọ 2023, inú hẹlikópítà ló sì ti sọ̀kalẹ̀ sórí pèpéle. Ó dára láti rántí pé agbo tó kún àkúnya kì í ṣe ohun ìyangàn nìkan.

Ìlù Tony Allen kò dákẹ́ nígbà tó kú ní 2020. Ó ti bá Damon Albarn ti Blur dá The Good, the Bad & the Queen sílẹ̀, tí rẹ́kọ́ọ̀dù wọn jáde ní 2007, ó sì ti kọ́ Fẹ́mi Kólẹ́oṣó, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ní ìlù. Fẹ́mi àti àbúrò rẹ̀ TJ, tó ń ta gìtá básì, wà nínú Ezra Collective. Ní 2023, ẹgbẹ́ náà gba Mercury Prize, ẹgbẹ́ jáàsì kankan kò sì tíì gbà á ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù kọkànlá 2024 wọ́n ṣeré ní Wembley Arena, ẹgbẹ́ jáàsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan kò sì tíì jẹ́ olórí eré níbẹ̀ ṣáájú wọn. Ní 2025, wọ́n borí Coldplay àti The Cure láti gba àmì ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ tó dára jù níbi BRIT Awards. Nígbà tí Fẹ́mi gba gbohùngbohùn, ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fi ohun èlò orin lé ọmọdé lọ́wọ́ ló gùn jù nínú ohun tó sọ.