Kálámù Padà Sórí Wàláà

Yorùbá ti mọ wàláà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Pákó pẹlẹbẹ ni wàláà ilé kéwú. Kálámù àti tàdáwà ni ọmọ kéwú fi ń kọ̀wé sí i. Bí ó bá ti há ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí, yóò fi omi fọ̀ ọ́, yóò sì kọ òmíràn. Lónìí, kálámù ti padà sórí wàláà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni wàláà ọ̀hún.

Ìrìn náà jìn. Ní 1888, Elisha Gray, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń fi ìkọ̀wé ọwọ́ ránṣẹ́ lórí wáyà. Ní 1964, àwọn onímọ̀ àjọ RAND ṣe wàláà oníná kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 10 níbùú lóròó. Ojú ibi tí ó lè dá mọ̀ tó 1,000,000.

Síbẹ̀, mímọ ibi tí kálámù wà yàtọ̀ sí mímọ ohun tí ọwọ́ kọ. Newton tí Apple gbé jáde ní 1993 fẹ́ sọ ìkọ̀wé ọwọ́ di lẹ́tà títẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣi ọ̀rọ̀ kà títí ó fi di ẹlẹ́yà. Ní 1996, Pilot ti Palm sọ pé kí òǹkọ̀wé kọ́ lẹ́tà tuntun: A kò ní ìlà àárín mọ́, nítorí ìfà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà fẹ́. Ọwọ́ ni ó tẹrí ba fún ẹ̀rọ. Nígbà tí Apple gbé kálámù tirẹ̀ jáde fún iPad ní 2015, ẹ̀rọ ti ń gba ìkọ̀wé bí ọwọ́ ṣe fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè wa gbọ̀ngbọ̀n. Láyé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Yorùbá ní láti fi bírò sàmì sí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tán. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀pọ̀ kúkú pa àmì tì. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wá di ọ̀kan náà. Kálámù kò mọ irú ìṣòro bẹ́ẹ̀: ìfà kékeré kan ni àmì ohùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹ̀rọ tí a kò kọ́ ní Yorùbá sọ ìkọ̀wé náà di lẹ́tà títẹ̀, ó lè gbé àmì jù nù.

Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Newton àti Pilot ti fi hàn wá pé ẹ̀rọ ni a ń tún ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gé èdè kúrú nítorí rẹ̀.