Assembler àti àwọn àṣẹ àdììtú inú pírósẹ́sọ̀

Assembler ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àṣẹ tí ènìyàn lè kà di nọ́ńbà tí pírósẹ́sọ̀ ń tẹ̀ lé. Bí àwọn tó ń ṣe pírósẹ́sọ̀ bá fi àṣẹ tuntun kún iṣẹ́ wọn, assembler kò ní mọ̀ ọ́n títí wọn yóò fi kọ́ ọ. Àwọn àṣẹ tí a ṣe nítorí àdììtú, ìyẹn yíyí ọ̀rọ̀ padà kí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má lè kà á, ló fi èyí hàn jù. Ẹni tó fi fóònù sanwó ní Kàbà tàbí tó gbowó lọ́dọ̀ oní-POS ní Mọ̀pà ti lo àdììtú lọ́jọ́ náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

AES ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà àdììtú. Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ló ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì tẹ́wọ́ gbà á ní 2001. Ìpele 10 ni ọ̀rọ̀ ń là kọjá bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ bíìtì 128, 14 bí ó bá jẹ́ bíìtì 256. Àṣẹ wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni ìpele kan máa ń gbà. Ní oṣù kẹta 2008, Intel kéde àṣẹ mẹ́fà fún AES. Èyí tí wọ́n pè ní aesenc ń ṣe odindi ìpele kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pírósẹ́sọ̀ Westmere tó kọ́kọ́ ní wọn jáde ní 2010.

Assembler GNU, tó wà nínú àkójọ irinṣẹ́ binutils, ti mọ àwọn àṣẹ náà láti 2008, kí pírósẹ́sọ̀ tó dé ọjà. Ìṣòro wà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì ń lo binutils àtijọ́: "no such instruction" ni yóò sọ fún wọn, iṣẹ́ á sì dúró. Àwọn tó ń kọ OpenSSL, àkójọ ètò fún àdììtú, wá ọgbọ́n dá sí i. Dípò kí wọ́n kọ aesenc, nọ́ńbà rẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ̀ sílẹ̀: .byte 102,15,56,220,209. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni aesenc fúnra rẹ̀. 209 ló ń sọ pé xmm1 àti xmm2, àyè ìkónọ́ńbàsí inú pírósẹ́sọ̀, ni kí ó ṣiṣẹ́ lé lórí. Assembler kò ní láti mọ ohunkóhun, ó kàn ń da nọ́ńbà kọ ni. Linux náà ní irú ọgbọ́n yìí títí di 2020, nígbà tí binutils tó ti dàgbà tó di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ sọ kóòdù Linux di ètò. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ó léwu: bí ọwọ́ bá ṣì tẹ 210 dípò 209, assembler kò ní sọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ ARM, tó wà nínú fóònù wa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. ARMv8, tí wọ́n kéde ní 2011, ní aese àti aesmc, àmọ́ kò pọn dandan kí gbogbo chip ní wọn. Nítorí náà assembler mọ̀ wọ́n, síbẹ̀ yóò kọ̀, yóò ní "selected processor does not support", àfi bí a bá kọ .arch armv8-a+crypto sókè fáìlì. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì bọ́. Raspberry Pi 3 àti 4 jẹ́ ARMv8 tí kò ní àwọn àṣẹ wọ̀nyí. Raspberry Pi 5 ló ní wọn. Ètò tó bá pe aese lórí Pi 4 yóò kú pẹ̀lú "Illegal instruction". Ìdí nìyí tí ètò tó gbọ́n fi máa ń bi Linux léèrè ohun tí chip ní kí ó tó yan ọ̀nà tí yóò gbà.

Ìpín àwọn tí chip wọn kò ní àṣẹ AES rárá ló kàn wá jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Cortex-A7, chip ARM tí kò ní àwọn àṣẹ náà, ló wà nínú fóònù olówó pọ́ọ́kú, bí àwọn tó ń lo MT6580 ti MediaTek. Láti Android 6 ni Google ti pàṣẹ pé kí fóònù tuntun máa fi àdììtú pa ohun inú rẹ̀ mọ́, àmọ́ wọ́n yọ èyí tí AES rẹ̀ kò tó mẹ́gábáìtì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra fóònù ńlá ni ìyọ̀ǹda yẹn tú síta, kò sì dára tó. Ní oṣù kejì 2019, Paul Crowley àti Eric Biggers ti Google gbé Adiantum jáde, ọ̀nà àdììtú tí kò nílò àṣẹ AES. Ọ̀nà àdììtú kan tó ń jẹ́ ChaCha12 ló gbé ẹrù jù nínú rẹ̀, ìṣirò lásán tí gbogbo pírósẹ́sọ̀ mọ̀ ṣe ló sì ń lò: àròpọ̀, yíyí bíìtì po, àti XOR. Lórí Cortex-A7, ó yá ju AES-256-XTS lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ní ọdún náà, Android 10 fagi lé ìyọ̀ǹda ọ̀hún.

Yàtọ̀ sí Intel àti ARM, àwọn tó ń darí RISC-V, ìlànà pírósẹ́sọ̀ mìíràn, fọwọ́ sí àwọn àṣẹ àdììtú tirẹ̀ ní 2021, wọ́n sì fi ti fẹ́kítọ̀, ìyẹn èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, kún un ní 2023.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù yín ní àṣẹ AES, ẹ fi áàpù Termux ka fáìlì /proc/cpuinfo, kí ẹ wo ìlà Features. Lórí kọ̀ǹpútà Intel tó ń lo Linux, flags ni wọ́n ń pe ìlà náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni aes.