Ọmọ Ọlọ́mọ, Àdúrà àti Abẹ́rẹ́ ní Kúdẹtì, 1853 sí 1869

Kí ìjọba tó ṣòfin kankan lórí gbígba ọmọ tọ́, ilẹ̀ Yorùbá ti ní ètò fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, fún ọmọ tí ogun tú ilé rẹ̀ ká, àti fún obìnrin tí kò rí ọmọ bí. Ìyá ìyá ọmọ lè gbà á, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì lè mú un sọ́dọ̀. Obìnrin tí ó pẹ́ nílé ọkọ láìbímọ a máa gba ọmọ àbúrò rẹ̀ tọ́, kí ilé rẹ̀ má baà dá. Àwọn òbí mìíràn a fa ọmọ lé ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, aláró tàbí oníṣòwò lọ́wọ́. Alágbàtọ́ yóò bọ́ ọmọ náà, yóò sì kọ́ ọ níṣẹ́; ọmọ náà yóò máa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ran ilé lọ́wọ́ títí yóò fi tó ó dá dúró. Ibi yòówù kí ọmọ gbé dàgbà, ilé bàbá rẹ̀ ni oríkì, èèwọ̀ àti ogún rẹ̀ wà.

Ètò yìí ní ibi tí ó korò sí. Àwọn àgbà ló ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé-tòru-tòru, wọn kò sì sọ ọ́ lásán. Ìwọ̀fà tún wà, níbi tí ẹni tó jẹ gbèsè ti ń fi ọmọ rẹ̀ sin olówó títí owó náà yóò fi pé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹrú, ìdílé rẹ̀ sì mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ìyà gbèsè tí kò jẹ ló ń jẹ. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ni ọmọ tí a kó lójú ogun, tí a tà lọ́jà, tí kò sì sí ará ilé kankan tí ó lè béèrè rẹ̀.

Ìbàdàn kún fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibùdó ogun ni ìlú náà jẹ́ nígbà tí àwọn jagunjagun kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń wó lọ. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ó ti di ìlú tí agbára rẹ̀ ju ti gbogbo aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ogun ni iṣẹ́ àwọn ọ̀gbagadè ìlú. Oko ńláńlá tí ẹrú ń ro ló ń bọ́ àwọn agbo ilé wọn, ọmọ tí a kó lẹ́rú sì pọ̀ nínú wọn. Ìlú yìí ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, kọ́kọ́ wọ̀ ní 1851. Ó padà wá ní 1853 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Anna.

Ìtàn Anna Hinderer ṣe pàtàkì fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n bí i ní 1827 ní Hempnall, abúlé kan ní Norfolk lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, Francis Cunningham, àlùfáà ìlú Lowestoft létí òkun, àti aya rẹ̀ gbà á sílé. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ àwọn tálákà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Òun fúnra rẹ̀ jẹ àǹfààní alágbàtọ́ rere, ó sì ti mọ bí ilé ṣe rí nígbà tí kò sí ìyá níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1852 ni ó fẹ́ Hinderer. Wọn kò bímọ fún ara wọn títí ikú fi yà wọ́n.

Kúdẹtì, ní ìhà gúúsù Ìbàdàn, ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ilé amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó kọ́ tiwọn. Kò pẹ́ tí Olóyè Olúńlọ́yọ̀ fi fa méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, Akínyẹlé ọkùnrin àti Yéjídé obìnrin. Ohun tí olóyè yìí ṣe kò kéré. Ìlú ológun ni Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwé a máa sọ ọkùnrin di ojo, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù pé òyìnbó yóò gbé ọmọ wọn sá lọ sókè òkun. Àmọ́ fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ṣàjèjì sí olóyè náà. Àṣà ilẹ̀ baba rẹ̀ ló tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjèjì ni alágbàtọ́.

Lẹ́yìn àwọn méjì yìí, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn kan ní òbí láàárín ìlú, wọ́n ń sùn ní Kúdẹtì, wọ́n sì ń lọ kí àwọn ará ilé wọn. Àwọn kan jẹ́ ẹrú tí Hinderer àti aya rẹ̀ fi owó ẹyọ rà padà. Àwọn mìíràn kò ní ẹnìkan tí ó lè tọ́ wọn. Anna kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú oúnjẹ tàbí aṣọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wọn a péjọ fún àdúrà; wọ́n tún ń péjọ kí wọ́n tó sùn. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ìwé kíkà, nítorí pé Samuel Ajayi Crowther ti ń túmọ̀ apá kan Bíbélì ṣáájú ìgbà náà. Dáníẹ́lì Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó tẹ̀ lé Hinderer wá láti Abẹ́òkúta, ni ọwọ́ ọ̀tún ilé náà. Ó ti fìgbà kan jẹ́ abọ̀rìṣà tọkàntọkàn, nítorí náà ó mọ bí a ṣe ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ láìtàbùkù wọn. Láìsí Olúbí àti ìyàwó rẹ̀ Susanna, tí òun náà gbé nínú ilé yẹn, iṣẹ́ Kúdẹtì ìbá ti dàrú ní 1856, nígbà tí àìsàn lé tọkọtaya Hinderer padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbẹ̀rẹ̀ 1858 ni wọ́n tó padà dé.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wò jù nínú ìtàn yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá ìgbà náà, iṣẹ́ aṣọ ní ààlà tirẹ̀. Obìnrin ló ń rànwú, òun ló ń rẹ aṣọ sínú aró, òun ló sì ń hun kíjìpá lórí òfì ìdúró nínú ilé. Ọkùnrin ló ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí òfì ìjókòó. Ọkùnrin náà ló ń rán agbádá, dàńdógó àti ṣòkòtò, tí ó sì ń fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn àti àyà aṣọ. Aránṣọ tó mọṣẹ́ níyì lọ́wọ́ àwọn olóyè. Nígbà tí Anna wá kó àwọn ọmọbìnrin jókòó pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú àti aṣọ funfun, iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin ti dì mú ni ó ń fi lé wọn lọ́wọ́. Kò dájú pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà sí ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ló ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn ó di ohun mìíràn: ọ̀nà tí obìnrin lè gbà fi abẹ́rẹ́ jẹun. Láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ni rírán aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di iṣẹ́ obìnrin pẹ̀lú.

Aṣọ náà ló so ilé yìí mọ́ àwọn olóore rẹ̀. Ní Lowestoft àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin ìjọ a máa jókòó papọ̀ láti rán aṣọ ọmọdé, wọ́n a sì dì í sínú àpótí pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú àti ìwé. Ọkọ̀ òkun yóò gbé àpótí náà dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi yóò gbà á lórí odò Ògùn lọ sí Abẹ́òkúta, àwọn alárùú yóò sì fi orí gbé e dé Ìbàdàn. Àwọn olóore kan ń san owó fún ìtọ́jú ọmọ kan pàtó, orúkọ wọn tàbí ti ìlú wọn sì wọ inú orúkọ ìrìbọmi ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìbàdàn kan fi ń jẹ́ Francis Lowestoft, tí òmíràn sì ń jẹ́ Robert Scott Oyebode. Ó dára pé orúkọ abísọ wọn kò parẹ́, nítorí òun ni ilé bàbá wọn fi lè mọ̀ wọ́n.

Ogun Ìjàyè ló wá dán ilé náà wò. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí, olórí ogun Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ Àtìbà, gẹ́gẹ́ bí Aláàfin tuntun. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dúró ti Ìjàyè, wọ́n sì ti ọ̀nà pa. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ti Ìjẹ̀bú náà dí. Lẹ́tà, owó àti àpótí aṣọ kò lè wọlé mọ́. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862, àmọ́ ọ̀nà kò tìtorí ìyẹn ṣí. Ṣe ni ẹnu tí ń jẹun ní Kúdẹtì tún pọ̀ sí i, nítorí àwọn Ìbàdàn mú òyìnbó CMS kan, Edward Roper, lẹ́rú ní Ìjàyè, ilé Hinderer ló sì wá forí pamọ́ sí.

Ní àkókò yìí ni bíbọ́ ọmọ ọlọ́mọ di ìṣòro ojoojúmọ́. Owó ẹyọ tán. Hinderer fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó kí ó lè rí owó àti oúnjẹ mú bọ̀. Nígbà tí ìyẹn náà tán, Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé: agolo, ohun èlò ìdáná, títí dé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí kò níye lórí ní Lowestoft ń pawó lọ́jà Ìbàdàn, nítorí pé nǹkan òyìnbó ti ọ̀wọ́n gógó. Ẹ̀wà tí wọ́n fi epo díẹ̀ sè ni oúnjẹ wọn lọ́pọ̀ ọjọ́, iyọ̀ sì di nǹkan iyebíye. Àwọn ará àdúgbò, àti onígbàgbọ́ àti abọ̀rìṣà, yá wọn lówó ẹyọ, wọ́n sì gbé iṣu wá. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀. Ìlú tí ogun kó àwọn ọmọ náà dé ni ìlú kan náà tí ó bọ́ wọn.

Wọn kò lé ọmọ kankan jáde. Àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́ kò dáwọ́ dúró, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà kò sì dúró níwọ̀n ìgbà tí òwú bá wà. Nígbà tí aṣọ tuntun kò sí, àkísà ni wọ́n ń lẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Hinderer ń túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, èyí tí a wá mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ Yorùbá fún ìran púpọ̀.

Ní 1865, nígbà tí àárẹ̀ ti mú Anna gidigidi, Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, rán ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Maxwell gba inú igbó Ìjẹ̀bú wá gbé e. Òru ni wọ́n gbé e kúrò, ìdágbére náà sì ṣòro fún àwọn ọmọ. Ó tún padà lẹ́yìn ìsinmi, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní 1869 ni tọkọtaya náà fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, Anna sì kú ní Norfolk ní oṣù kẹfà 1870. Àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jáde ní 1872. Láti inú wọn ni a ti mọ púpọ̀ nínú bí ilé náà ṣe rí.

Olúbí ló jogún iṣẹ́ náà. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà lẹ́yìn náà, òun ló sì di ìjọ Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògúnpa mú láìsí òyìnbó kankan nítòsí. Oyebode lọ ṣe iṣẹ́ ìhìn rere ní Iléṣà. Samuel Johnson, tí bàbá rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Hinderer, kàwé ní Kúdẹtì nígbà èwe; òun ló kọ ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan n'Íbàdàn ń jẹ́ orúkọ Yéjídé títí dòní.

Lójú òfin, Anna kò di ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, kò sí òfin tí ó lè sọ ọmọ ẹlòmíràn di ọmọ ẹni títí di 1926. Ní Nàìjíríà, ẹkùn ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ní 1965. Èkó tẹ̀ lé e ní 1968. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 mú un gbòòrò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2006. Lábẹ́ òfin wọ̀nyí, ẹni tí ó fẹ́ gba ọmọ yóò lọ sílé ẹjọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò yẹ ilé àti ìwà rẹ̀ wò, ọmọ náà yóò sì ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yóò máa jẹ́ orúkọ ilé tuntun, yóò sì ní ẹ̀tọ́ sí ogún ibẹ̀ bí ọmọ bíbí. Ibí yìí ni òfin ti yàtọ̀ sí àṣà àgbàtọ́ àtijọ́, tí kì í já ọmọ kúrò lára ìdílé bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣì ń rìn pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá: ọ̀pọ̀ ọmọ tí alágbàtọ́ ń tọ́ kò dé iwájú adájọ́ rí.