Ọmọ Ilé Wo Ni Ẹ́? Àwọn Ọmọbìnrin Wa Lọ́jọ́ Ọdún ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú

Ibi tójú ti tì wá la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìkòròdú là ń gbé, nínú ìsítéètì kan, àmọ́ Ẹ̀pẹ́ ni ilé bàbá wa. Lọ́dún Káyókáyó kan, àwa àgbàlagbà mẹ́fà kó ọmọbìnrin mẹ́ta lọ sílé láti lọ wo ọdún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, ti sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú la ò fi rí i.

Àgbàlagbà mẹ́fà sí ọmọ mẹ́ta! Ká ní ẹnì kan bi wá láàárọ̀ pé ta ló ń wo àwọn ọmọ, ẹnu kan náà la máa fi dáhùn pé, "Gbogbo wa ni." Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ni pé kálukú rò pé ẹlòmíì ló ń wò wọ́n. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la ń ṣe, nítorí náà a ti ra aago ọmọdé tó ní GPS sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé mọ́, ibi tọ́mọ náà wà ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn ni fóònù ń fi hàn wá. A dúró síbẹ̀ gbagidi, a ń wo fóònù.

Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹja yíyan ló rí i. Wọ́n gbé e jókòó sórí àpótí, wọ́n fún un lómi, wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọmọ ilé wo ni ẹ́?" Ọmọ wa ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní Daddy lorúkọ bàbá òun, Mummy lorúkọ ìyá òun. Ó mọ orúkọ ìsítéètì wa, ó mọ nọ́ńbà ilé wa, kò sí èyí tó wúlò ní Ẹ̀pẹ́ nínú méjèèjì. Nígbà tá a débẹ̀, ìyá náà wò wá látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀ ń wá ọmọ látàárọ̀, ẹ ò sì bi ẹnikẹ́ni." Òótọ́ ni. A ò tíì bi ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni ò jẹ́ ká sùn. Báwo làwọn tó ṣe ọdún ṣáájú wa ṣe ń tọ́jú ọmọ láàárín èrò? A bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ọdún Káyókáyó fúnra rẹ̀, ọdún àwọn tó sá àsálà ni. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá, ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Kòsọ́kọ́ àtàwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Ibẹ̀ ló wà tó fi bá kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854. Nígbà tó di 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láyè láti padà sílé, Èkó ló sì kú sí ní 1872. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a wá ò padà mọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ní Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ dòní olónìí. Àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ló ni Káyókáyó, wọ́n sì ń fi rántí bí àwọn baba wọn ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Orúkọ ọdún náà ò le: ká jẹun, ká yó. Oṣù kan lẹ́yìn Iléyá ló máa ń bọ́ sí, ní àsìkò Àṣúrà, ọjọ́ kẹwàá oṣù Mùhárámù. Kì í sì í ṣe Ẹ̀pẹ́ nìkan ló ń jẹ àjẹyó lásìkò yẹn. Àwọn Hausa ń pè é ní cika ciki, ìyẹn ni pé kéèyàn jẹun kí ikùn kún. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Tamkharit ni wọ́n ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé á máa kọrin láti ilé dé ilé, ọmọkùnrin á wọ aṣọ obìnrin, ọmọbìnrin á wọ ti ọkùnrin, àwọn àgbà á sì fún wọn lóúnjẹ tàbí owó.

Ìwé ìtàn sọ nípa ọba, kọ́ńsù àti balógun. Àmọ́ ẹ fojú inú wo àwọn ọkọ̀ ojú omi yẹn ní 1851. Ìlú kì í ṣí lọ láìsí ọmọ nínú rẹ̀. Ẹnì kan ló gbé ọmọ pọ̀n, ẹnì kan ló ń ka orí wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, nǹkan mẹ́ta ló máa ń jẹ́ kí àjèjì mọ ọmọ tó bá rí láàárín èrò. Àkọ́kọ́ ni ilà ojú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, to oríṣiríṣi ilà lẹ́sẹẹsẹ, àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ àtàwọn yòókù, torí pé ilà máa ń sọ ibi téèyàn ti wá. Èkejì ni agboolé àti oríkì. Ọmọ tí kò tíì mọ ojú ọ̀nà dáadáa ti lè sọ orúkọ bàbá ńlá rẹ̀, oríkì rẹ̀ á sì jẹ́ kí àwọn àgbà mọ ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Ẹ̀kẹta ni aṣọ. Aṣọ àǹkò kì í ṣe fún fọ́tò nìkan o. Bí ọmọ bá wọ aṣọ tí ẹbí rẹ̀ wọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á mọ àwọn tó yẹ kó mú un lọ bá.

Ilà ti kásẹ̀ nílẹ̀, a ò sì bẹ̀bẹ̀ pé kó padà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ní 2003 kà á léèwọ̀ láti fi àmì sí ọmọ lára, ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ ní 2007. Agboolé ńkọ́? A ti kó lọ sí ìsítéètì. Ohun tó kù wá lọ́wọ́ ni aago tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já kulẹ̀. Ní èdè iṣẹ́ tiwa, a fún ọmọ ní ID tí ẹ̀rọ wa nìkan lè kà, a ò fún un ní èyí tí gbogbo Ẹ̀pẹ́ lè kà.

Ká tó máa yin ayé àtijọ́ jù, ẹ gbọ́ èyí. Ìyá wa dàgbà sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tá a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní láti ọmọ ọdún mẹ́jọ làwọn ti ń pọn àbúrò àwọn lọ́jọ́ ọdún. Bí ìlù bá ń bọ̀, ẹ̀yìn pátápátá làwọn máa ń dúró sí kí èrò má bàa tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wà níwájú. "Káyókáyó tí mo mọ̀ ní kékeré," wọ́n ní, "ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni mo mọ̀."

Ètò wà lóòótọ́, àmọ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ni ètò náà. Ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ òun alára, òun ló sì ń ṣọ́ ẹlòmíì.

Ìkòròdú tí à ń gbé náà ní ètò tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ pátápátá. Ní ìlú Ayangbùrẹ́n, lọ́jọ́ tí Orò bá máa jáde lásìkò ọdún Magbó, wọ́n á ti kéde ṣáájú: obìnrin ò gbọdọ̀ jáde, àtàgbà àtọmọdé. Kì í ṣe torí ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ awo ni. Síbẹ̀, nínú ilé, ìtọ́jú ọmọ ló máa ń dà. Ní ilé tiwa, a máa ń ra búrẹ́dì àti gàrí sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, a máa ń pọn omi kún ike. Bí nǹkan bá tán, àwọn ọkùnrin ló máa lọ rà á. Àwọn ọmọbìnrin wa ò lè sọnù lọ́jọ́ yẹn, torí wọn ò sí níbi ọdún. Àmọ́ kí ni ká sọ fún ọmọ ọdún méje tó ń bèèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi lè jáde tí òun ò lè jáde? Kí sì ni obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò, tí kò gbọ́ ìkéde, máa ṣe bí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn? Ìlú mìíràn ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ògùn tó wà ní Ìpókíà dájọ́ pé òru ni kí wọ́n máa ṣe Orò níbẹ̀, pé kí wọ́n má fi ká àwọn èèyàn mọ́lé lójú ọ̀sán.

Bá a ṣe rí i nìyí: ìlú méjèèjì ní ètò, ọmọbìnrin ló sì ń san owó ètò méjèèjì. Ní Ìkòròdú, kò rí ọdún torí inú ilé ló wà. Ní Ẹ̀pẹ́, ìyá wa wà níta, wọn ò sì rí ọdún, torí ọmọ wà lẹ́yìn wọn.

Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ayẹyẹ Notting Hill, tó máa ń kún ìgboro lópin oṣù Kẹjọ. Nígbà tó kọ́kọ́ bọ́ sí ojú títì ní 1966, Rhaune Laslett, obìnrin tó ń bójú tó àwọn ọmọ àdúgbò, ló ṣètò rẹ̀, àwọn ọmọdé ló sì ní lọ́kàn. Títí dòní, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé àti ẹbí. Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ rò níbẹ̀, kí èrò tó dé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwa náà kọ́kọ́ ro tọmọ. A pín ọjọ́ náà sí wákàtí kọ̀ọ̀kan, a kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sí iwájú wákàtí kan. Ẹni tó bá kàn ò ní gbá fóònù mú, kò ní lọ kí ẹnikẹ́ni. Tọkùnrin tobìnrin la kọ sílẹ̀, a ò sì kọ ọmọdé kankan. A dá aṣọ kan náà fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àwa àgbà. A fi ibi tá a máa pàdé hàn wọ́n ká tó wọ àárín èrò, a sì fi nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 àti 112, sórí fóònù gbogbo wa. Aago náà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko la fi kọ́ ọ ní orúkọ bàbá àgbà rẹ̀, orúkọ agboolé wa àti oríkì rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, a mú un lọ kí ìyá ẹlẹ́ja yẹn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè wọn, ó sì dáhùn láìwo ojú wa.

A gbé àga fún ìyá wa síwájú. Àbúrò wọn tí wọ́n máa ń pọ̀n nígbà náà ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Àwọn fúnra wọn ló ní ká kọ orúkọ àwọn sí wákàtí àkọ́kọ́.